Ta ló kọ́ tíṣà tó ń kọ́ ọmọ yín? Ẹ wá gbọ́ ìtàn àwọn olùkọ́ Kúdẹtì

Àwọn ará Ìbàdàn kì í fi aṣọ wọn ṣeré. Ẹ jẹ́ kí ìyá kan ra aṣọ òkè olówó ńlá nítorí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá yóò kàn gbé e fún télọ̀ tí kò mọ̀ rí. Kò jẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Yóò kọ́kọ́ bèèrè pé, ọ̀dọ̀ ta lọkùnrin yìí ti kọ́ṣẹ́? Ọdún mélòó ló lò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀? Ṣé ó ṣe fíríìdọ̀mù ni, àbí ńṣe ló sá lọ láàárín kan? Bí wọ́n bá ti sọ fún un pé ọ̀dọ̀ bàbá kan báyìí tó wà ní Bẹẹrẹ nígbà kan ló ti kọ́ ọ, ọkàn ìyá yóò balẹ̀, á ní, "Háà, bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ bàbá yẹn ni, ó mọ̀ ọ́n nìyẹn." Bẹ́ẹ̀, aṣọ lásán là ń wí o, aṣọ tó jẹ́ pé bí télọ̀ bá bà á jẹ́, wọ́n á sọ̀rọ̀ sí i, wọ́n á sì ra òmíràn.

Ṣùgbọ́n kí ìyá yìí kan náà di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, kó ní òun ń lọ fi í sí súkúù, ẹnu rẹ̀ á wọlé. Pátákó tí wọ́n gbé sójú títì ni yóò wò, àti ọ̀dà tí wọ́n fi kun ògiri, àti bọ́ọ̀sì tó ń gbé àwọn ọmọ. Yóò bèèrè owó, yóò dúnàá-dúrà, yóò bèèrè bóyá wọ́n ń sọ Yorùbá níbẹ̀ kó lè gbọ́ pé wọn kì í sọ ọ́. Kò ní bèèrè orúkọ tíṣà. Ká tó wá sọ pé yóò bèèrè ibi tí tíṣà ọ̀hún ti kàwé, àti ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́.

Èèyàn á ní kí ló burú níbẹ̀. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé Ìbàdàn tó ń ṣe báyìí lónìí kọ́ ni Ìbàdàn àná. Láti Ọjà'ba, béèyàn bá ní kóun fẹsẹ̀ rìn, kò jìnnà dé Kúdẹtì, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé síléètì fọ́mọ Ìbàdàn. Bẹ́ẹ bá gbọ́ irú èèyàn táwọn olùkọ́ ibẹ̀ jẹ́, àti bí wọ́n ṣe kọ́ra wọn tẹ̀ lé ra wọn, ẹ ó rí i pé ohun tó gbé ilé-ìwé yẹn ró kì í ṣe bíríkì, kì í ṣe ọ̀dà.

ÒYÌNBÓ DÉ, ÌLÚ PÍN SÍ MÉJÌ

Ọdún 1851 ni David Hinderer kọ́kọ́ wá wo Ìbàdàn. Ogun ni Ìbàdàn mọ̀ nígbà náà, ogun ni wọ́n ń jẹ, ogun ni wọ́n ń mu. Oyè tí kò bá ti ojú ogun wá kò dùn létí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí òyìnbó náà ní òun fẹ́ wá máa gbé láàárín wọn, ọ̀rọ̀ dì í fà-á-kó-fà-á láàárín àwọn olóyè. Samuel Johnson, ẹni tẹ́ ẹ ó gbọ́ púpọ̀ nípa rẹ̀ níwájú, kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ pé olóyè kan wà tó ta kò ó pátápátá, tó ní òyìnbó kì í wọ ìlú kí ìlú náà má bàjẹ́. Ifá ni wọ́n lọ dá. Ifá fọre, ni wọ́n bá gbà.

Ní 1853, Hinderer padà wá, ìyàwó rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́, Anna, sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Kúdẹtì ni wọ́n fún wọn nílẹ̀. Ilé-ìwé bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀? Ohun tí wọ́n ń sọ kiri ìgboro ni pé ọmọ tó bá kọ́ ìwé yóò ya ojo, kò ní lè jagun mọ́. Fún jagunjagun, èyí ju àrùn lọ. Níbi tí gbogbo wọn ti ń wo ara wọn lójú, Olóyè Olúńlọ́yọ́ dìde, ó fi ọmọ méjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: Yéjídé, obìnrin, àti Akínyẹlé, ọkùnrin. Àwọn méjì yìí wà lára àwọn tó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kọ mọ̀ ọ́n kà n'Íbàdàn. Orúkọ Yéjídé yìí ni wọ́n fi sọ ilé-ìwé gírámà àwọn ọmọbìnrin tó wà n'Íbàdàn títí dòní, Yejide Girls' Grammar School.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀. Kí ni Olúńlọ́yọ́ rí? Kò sí pátákó, kò sí bọ́ọ̀sì. Bàbá yìí kò lè ka ìwé ẹ̀rí, ká tiẹ̀ sọ pé wọ́n gbé e síwájú rẹ̀. Àwọn èèyàn tó máa kọ́ ọmọ náà ló wò. Ó dáa, irú èèyàn wo ni wọ́n?

OLÙKỌ́ MẸ́TA, ÌWÉ MẸ́TA Ọ̀TỌ̀Ọ̀TỌ̀

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ọ̀gá pátápátá. Ọmọ Jámánì ni Hinderer, láti agbègbè Württemberg. Basel ní orílẹ̀-èdè Switzerland ló ti kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́ míṣọ́nnárì, kó tó wá lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹgbẹ́ CMS ní Islington, nílùú London. Ní ti ìwé, kò kù síbì kan. Ohun tó tiẹ̀ pa èèyàn lẹ́rìn-ín ni pé èdè Haúsá ni wọ́n rán an wá kọ́ nígbà tó dé ilẹ̀ yìí ní 1849. Yorùbá ló padà gbà á lọ́kàn, ó sì gbọ́ ọ débi pé òun ló túmọ̀ ìwé ńlá tí John Bunyan kọ, èyí tí gbogbo ọmọ ìjọ mọ̀ sí Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́. Olùkọ́ tó fẹ́ kọ́ ọmọ Ìbàdàn, tó wá kọ́kọ́ jókòó kọ́ èdè ọmọ Ìbàdàn, ẹ̀kọ́ kan nìyẹn fáwọn tó ń na ọmọ lónìí nítorí pé ó sọ Yorùbá ní kíláàsì.

Ẹnì kejì ni Anna, ìyàwó rẹ̀, ẹni táwọn ọmọ Kúdẹtì ń pè ní Ìyá. Tí wọ́n bá ní kí Anna wá kó sátífíkéètì rẹ̀ jáde, òfo ni. Kò lọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tíṣà kankan. Hempnall, ní Norfolk nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti bí i ní 1827. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní kékeré, ilé àlùfáà ìjọ kan ní Lowestoft, Francis Cunningham, ló sì dàgbà sí. Àlùfáà yìí àti ìyàwó rẹ̀ ló fà á lé iṣẹ́: ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi láti ìgbà tóun fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin, ó ń bẹ àwọn tálákà wò, ó ń kọ́ àwọn ọmọ tí kò rẹ́ni kọ́ wọn. Nígbà tó fi máa dé Ìbàdàn lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ọ̀pọ̀ ọdún ló ti lò níwájú ọmọ, ojú ẹni tó mọṣẹ́ ló sì ti ń ṣe é.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ohun àrà nìyẹn o. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an lásìkò yẹn, bí wọ́n ṣe ń kọ́ṣẹ́ tíṣà nìyẹn, bí ìgbà téèyàn ń kọ́ṣẹ́ télọ̀. Ní 1846 ni ìjọba wọn ṣètò ọ̀hún: ọmọ ọdún mẹ́tàlá yóò lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé kan, yóò lo ọdún márùn-ún lábẹ́ rẹ̀, yóò máa kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké lójúmọmọ, ọ̀gá yóò sì máa kọ́ òun náà nígbà táwọn yòókù bá ti lọ sílé. Ọdọọdún ni àwọn aṣojú ìjọba ń wá dán an wò. Ìgbà tó bá ṣe gbogbo èyí tán ló tó lè dáwọ́ lé kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Ẹnì kẹta ni Daniel Olúbi, ọmọ Abẹ́òkúta, láti ìdílé olórìṣà. Ọ̀dọ́kùnrin ni nígbà tó bá àwọn Hinderer wá sí Ìbàdàn ní 1853. Ó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, ó ń kàwé lálẹ́, ó ń kọ́ àwọn ọmọ lọ́sàn-án. Ilé Hinderer ni kọ́lẹ́ẹ̀jì Olúbi. Ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ kò ju pé ọ̀gá rẹ̀ mọ ohun tó mọ̀, ó sì mọ ohun tí kò mọ̀. Ẹni tó bá fojú di irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, kó gbọ́ ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀: nígbà tí òyìnbó méjèèjì fi Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1869, Olúbi ni gbogbo iṣẹ́ míṣọ́ọ̀nù Ìbàdàn já lé léjìká. Wọ́n sọ ọ́ di àlùfáà kékeré ní 1871, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí títí tí ogbó fi dé sí i. Ọdún 1912 ló kú.

OGUN ÌJÀYÈ DÁN WỌN WÒ

Ìwé lè wà lọ́wọ́ èèyàn, kí ọkàn rẹ̀ má sí níbi iṣẹ́. Ohun tí Ìbàdàn fi mọ̀ pé ọkàn àwọn tíṣà yìí wà níbi iṣẹ́ ni ogun Ìjàyè, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1860. Ọ̀nà etíkun dí pa. Owó kò wọlé láti London, oúnjẹ òyìnbó kò wọlé, aṣọ kò wọlé. Ilé tí ọmọ kún inú rẹ̀ wá di ilé ebi. Anna bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun ìní rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Agolo òfìfo, àpótí, ohun èlò ilé, ohunkóhun tí ará ọjà bá ti lè fi owó ẹyọ rà, ó ń tà á. Owó ẹyọ yẹn ni wọ́n fi ń ra iṣu àti ẹ̀wà fún àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wọn. Àwọn ará ìlú pàápàá ṣàánú wọn, wọ́n ń ta àwìn fún wọn láì mọ ìgbà tí owó yóò wọlé.

Ọdún 1865 ni Glover, tó wà lórí àlééfà ní Èkó, tó rán àwọn ọmọ ogun gba inú igbó wá láti wá gbé wọn, nítorí pé gbogbo ayé ti rò pé wọn ò ní jáde láàyè. Ara Anna ò yá mọ́ látìgbà náà. Ó padà wá sí Kúdẹtì fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ní 1869 wọ́n lọ pátápátá, ó sì kú ní 1870, lọ́mọ ọdún mẹ́tàlélógójì.

Tíṣà tí kò rówó oṣù gbà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ yìí, ẹ̀yin ará. Ká má ṣe wá sọ pé ó dáa bẹ́ẹ̀ o, nítorí kò dáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí tíṣà rẹ̀ tó ń ta agolo kí ọmọ lè jẹun, kò ní tàn án pé iṣẹ́ tí kò rí mìíràn ṣe ló gbé e wá síbẹ̀.

ỌMỌ ILÉ-ÌWÉ DI TÍṢÀ

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá dùn nìyí. Láàárín àwọn ọmọ tí Hinderer àti Anna kọ́ ni ọmọkùnrin Sàró kan wà, Samuel Johnson. Hastings ní Sierra Leone ni wọ́n ti bí i ní 1846, bàbá rẹ̀ sì kó gbogbo wọn wá sí Ìbàdàn nígbà tó wá ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Hinderer. Nígbà tí ọmọ yìí mọ̀wé dé ibi tí Kúdẹtì lè gbé e dé, wọn ò ní kó máa kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Abẹ́òkúta ni wọ́n rán an lọ, sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà tí CMS dá sílẹ̀ níbẹ̀. Ogun Ìjàyè ṣì ń lọ lọ́wọ́ nígbà tó lọ, láàárín 1862 sí 1865.

Ọ̀gá tó bá lọ́hùn-ún, Gottlieb Bühler, ọmọ Jámánì bíi Hinderer ni, kò sì fẹ́ kí tíṣà jẹ́ ẹni tó kàn mọ Bíbélì àti lẹ́tà A, B, D. Ó ń kọ́ wọn ní ìtàn ayé, ó ń kọ́ wọn ní ìṣirò àti jọ́gíráfì. Àwọn kan nínú CMS ń ráhùn pé ẹ̀kọ́ náà ti ga jù fún aláwọ̀ dúdú. Ọlọ́run ló mọ ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ bí Bühler bá gbọ́ tiwọn.

Ní 1866, Johnson padà sí Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bíi tíṣà. Ilé-ìwé tó ti jókòó sórí ilẹ̀ bí ọmọdé ló wá di ilé-ìwé tó ń dúró síwájú rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi fún un ní àmójútó ilé-ìwé Kúdẹtì àti ti Àrẹ̀mọ. Ọkùnrin yìí ni òun àti Charles Phillips jọ ń gbé iṣẹ́ àlàáfíà lọ síwá sẹ́yìn nígbà ogun Kírìjì, títí tí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní 1886. Òun náà ló kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí gbogbo ayé ń kà dòní. Ó parí rẹ̀ ní 1897, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí London, ni ìwé bá dàwátì! Johnson kú ní 1901, kò fojú rí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún gbogbo rẹ̀ kọ látinú àwọn àkọsílẹ̀ tó fi sílẹ̀, ó sì jáde ní 1921. Gbogbo ẹni tó ń fẹnu lásán sọ pé tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan, kó rántí pé tíṣà Kúdẹtì ló kọ ìtàn ìran wa.

Ilé-ẹ̀kọ́ tó kọ́ Johnson kò kú o. Abẹ́òkúta ló wà, ó kó lọ sí Èkó, ó sì balẹ̀ sí Ọ̀yọ́ ní 1896, níbi tó ti di St. Andrew's College tí orúkọ rẹ̀ ń dẹ́rù ba èèyàn láyé àtijọ́. Àwọn àgbàlagbà mọ̀ pé béèyàn bá sọ pé Andrian ni òun, kò sí ọ̀gá ilé-ìwé tó tún ń bi í ní ìbéèrè kejì. Ilẹ̀ tí St. Andrew's wà yẹn ni Ajayi Crowther University wà báyìí, láti 2005.

LÁTI KÚDẸTÌ DÉ ÒKÈ-ÀRẸ

Ẹ̀ka mìíràn tún wà. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún 1913, Ìbàdàn ní ilé-ìwé gírámà tirẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, Ibadan Grammar School. Òkè-Àrẹ ló ti bẹ̀rẹ̀ kó tó kó lọ sí Mọ́lété. Ẹni tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ fún ogún ọdún, títí di 1933, ni Alexander Babátúndé Akínyẹlé, ẹni tó padà di Bíṣọ́ọ̀bù. Fourah Bay College ní Freetown ló ti kàwé, ilé-ẹ̀kọ́ tí Àjàyí Crowther ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní 1827. Láti 1876, yunifásítì Durham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń fún àwọn tó bá yege níbẹ̀ ní dígírì. Akínyẹlé ni ọmọ Ìbàdàn àkọ́kọ́ tó gba dígírì. Dípò kó lọ máa fi dígírì náà yangàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òyìnbó ní Èkó, ilé ló gbé e wá. Àbúrò rẹ̀ ni Isaac Babalọlá Akínyẹlé tó kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn ní 1911, tó sì jọba Olúbàdàn ní 1955.

Ní 1948, ẹlòmíràn gorí àga náà, Emmanuel Aláyàndé. Ẹ wo ibi tóun náà ti kàwé: St. Andrew's Ọ̀yọ́, lẹ́yìn náà Fourah Bay. Ẹ rí i pé ilé-ẹ̀kọ́ tó kọ́ Johnson ló kọ́ Aláyàndé, ilé-ẹ̀kọ́ tó kọ́ Akínyẹlé náà ló sì kọ́ ọ. Ogún ọdún lòun náà lò, títí di 1968. Lára àwọn tó gba ilé-ìwé yẹn kọjá ni Bọ́lá Ìgè tó ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mábògùnjẹ́, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ jọ́gíráfì lágbàáyé. Lónìí, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó wà n'Ọ̀yọ́, tó ti di yunifásítì, orúkọ Aláyàndé ló ń jẹ́.

Ìdílé Olúńlọ́yọ́ ńkọ́, àwọn tó kọ́kọ́ fi ọmọ sílẹ̀? Ní 1961, ọ̀kan nínú ọmọ ìdílé náà, Victor Ọmọ́lolú Olúńlọ́yọ́, gba oyè dókítà nínú ìṣirò ní yunifásítì St. Andrews ní Scotland. Òun ni ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ ní Pólì Ìbàdàn, ó sì ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fún oṣù mẹ́ta ní ìparí 1983. Ọdún 2025 ló kú. Láti 1853 sí 1961, ọdún 108 ni. Olóyè tó gbójú ogun, tó ní kí ọmọ òun lọ kọ́ ìwé, kò pàdánù.

ILÉ KÉWÚ NÁÀ Ń BÈÈRÈ

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ti àwọn ọmọ ìjọ nìkan là ń sọ. Ní ti àwọn àáfà, ìbéèrè "ta ló kọ́ ọ?" ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Àáfà tó bá jáde lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ yóò gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó lè jókòó kọ́ ẹlòmíràn. Yóò mọ orúkọ ọ̀gá rẹ̀, yóò mọ orúkọ ẹni tó kọ́ ọ̀gá rẹ̀, yóò máa kà á sẹ́yìn bí ìgbà téèyàn ń ka ìran. Ìbàdàn yìí wà lára ibi tí Sheikh Adam Abdullahi al-Ilori ti kẹ́kọ̀ọ́, lọ́dọ̀ Sheikh Salih Esinniobiwa, kóun fúnra rẹ̀ tó dá Markaz sílẹ̀ l'Abẹ́òkúta ní 1952, tó sì gbé e lọ sí Agége ní 1955. Ní Ẹlẹ́kùró, tí kò jìnnà sí Ọjà'ba, Sheikh Murtadha Abdus-Salam dá ilé-ẹ̀kọ́ Lárúbáwá sílẹ̀, níbi tí kéwú ti kúrò ní wàláà tó wọ orí àga àti bẹ́ǹṣì. Àga dé, bẹ́ǹṣì dé, ìdánwò dé, síbẹ̀ wọn ò dẹ́kun àtimáa bèèrè ẹni tó kọ́ àáfà.

IBO LA TI ṢÌNÀ?

Nígbà tó di 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé sí ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Stephen Awókọ́yà, tóun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé tẹ́lẹ̀ ní Mólúsì n'Ìjẹ̀bú-Igbó, ló gbé ètò náà kalẹ̀ lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Àwọn ọmọ tó wọ ilé-ìwé lọ́dún yẹn lé ní 800,000, nígbà tó jẹ́ pé wọn ò tó 500,000 lọ́dún tó ṣáájú. Oore ńlá nìyẹn, kò sì sí ọmọlúàbí tó máa pè é ní aburú. Ṣùgbọ́n ọmọ lè pọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, tíṣà kì í pọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó di dandan kí wọ́n kó àwọn tí kò tíì kọ́ṣẹ́ síwájú ọmọ, kí wọ́n sì máa sáré kọ́ wọn. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ tún gbé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tiwọn dé ní 1976, bákan náà ni.

Ìjọba rí i pé nǹkan ń bàjẹ́. Wọ́n ní NCE, tí wọ́n ń fi ọdún mẹ́ta kà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ni ìwé tó kéré jù tí tíṣà gbọ́dọ̀ ní. Gíréètì Tuu wọ ilé lọ. Ní 1993, òfin tó dá àjọ TRCN sílẹ̀ jáde, àjọ tó ń kọ orúkọ tíṣà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ tàwọn dókítà àti lọ́yà. Ẹni tó ní dígírì, àmọ́ tí kò kọ́ṣẹ́ tíṣà, wọ́n ní kó lọ gba PGDE kún un.

Òfin dáa, ṣùgbọ́n ẹ gba Bẹyẹrúnkà kọjá lọ́wọ́ àárọ̀, ẹ wo inú àwọn ilé-ìwé aládàáni kan tí wọ́n fi ilé ìgbé ṣe. Ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe WAEC, tó ń dúró de JAMB, òun ni "Anti" níwájú ọmọ ogún. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ, kò sì sẹ́ni tó ń wo ohun tó ń kọ sójú pátákó. Tí JAMB bá gbà á, á lọ, wọ́n á mú òmíràn. Owó tí wọ́n ń san fún un kò tó owó ọkọ̀. Olówó ilé-ìwé ń jèrè, òbí ń dunnú pé ọmọ òun ń sọ Òyìnbó, ọmọ nìkan ló ń jìyà, kò sì mọ̀.

Ẹ má dá ọmọbìnrin yẹn lẹ́bi. Olúbi náà kò ní NCE, Anna náà kò ní. Ohun tó wà láàárín òun àtàwọn ni pé wọ́n ní ọ̀gá. Ẹnì kan wà lókè orí Olúbi tó ń sọ fún un pé, "Ibi tó o bá dé yìí kò dáa, tún un ṣe." Ẹnì kan wà lókè orí Johnson. Ọmọbìnrin Bẹyẹrúnkà yìí kò ní ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá fi í sábẹ́ ìyá kan tó ti lo ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, tó ń bá a jókòó lẹ́yìn iṣẹ́, tó ń rán an lọ gba NCE ní ìgbà ìsinmi, ta ló mọ̀ bóyá Johnson mìíràn ló wà nínú rẹ̀? Ìwé nìkan kò tó, àìníwèé nìkan kọ́ ló sì ń pani. Ìṣẹ́ tí kò ní ọ̀gá ló ń pani.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, nígbà tí sáà tuntun bá dé, tẹ́ ẹ bá ti mú owó súkúù dání, ẹ bèèrè ìbéèrè mẹ́ta kẹ́ ẹ tó kà á sílẹ̀. Èkíní: kí lorúkọ tíṣà tó máa kọ́ ọmọ mi, ibo ló sì ti kọ́ṣẹ́? Èkejì: ọdún mélòó ló ti wà níbí? Nítorí ilé-ìwé tí tíṣà rẹ̀ ń yí padà ní sáà sí sáà, àìsàn kan wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta, èyí tó ṣe pàtàkì jù: ta ló ń wọ kíláàsì rẹ̀ láti wo bó ṣe ń kọ́ wọn? Bí ọ̀gá ilé-ìwé bá bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí, ẹ kí i, kẹ́ ẹ di ọmọ yín mú, kẹ́ ẹ máa lọ. Bó bá ní kẹ́ ẹ jókòó, tó pe tíṣà náà wá, tó sì fi yangàn níwájú yín, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ san owó yín sí, ì báà jẹ́ ilé-ìwé ìjọba tí òrùlé rẹ̀ ń jò.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, gbogbo wa la mọ òwe yẹn. Olúńlọ́yọ́ tí kò mọ̀wé mọ ẹni tó fi ọmọ rẹ̀ lé lọ́wọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bèèrè ọ̀gá télọ̀, ẹ bèèrè ọ̀gá tíṣà.